Alákòóso Àgbà àti Òkúta Tó Tóbi Jù Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ẹwà, ẹ lọ bá ẹlòmíì. Adágún kan wà lórí òkè, omi rẹ̀ mọ́ débi pé ẹja inú rẹ̀ kò lè ní àṣírí kankan. Ṣọ́ọ̀ṣì funfun kékeré kan wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó yọrí sí i, àwọn èèyàn a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá fẹsẹ̀ gùn ún. Mo ti sọ ọ́ tán. Adágún kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ṣọ́ọ̀ṣì kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọkùnrin tí ìjọba fi ṣe olórí wọn ló yọ gbogbo wa lẹ́nu.

Oyè rẹ̀ ni Alákòóso Àgbà fún Adágún Orí Òkè, fún Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Wà Lókè Rẹ̀, àti fún Gbogbo Atẹ́gùn Tó Ń Fẹ́ Láàárín Àwọn Méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi atẹ́gùn kún un. Wọ́n kọ oyè yìí sára pátákó kan létí omi, pátákó náà sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò tó bá fẹ́ rí adágún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn yí oyè po. Akọ̀wé rẹ̀ a máa sáré ṣáájú rẹ̀ kígbe pé "Ẹ dìde!" níbikíbi tó bá fẹ́ wọ̀, ìbáà jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú sì ti mú orúkọ fún un. Ẹ-Dìde ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe lójú rẹ̀ o, orí wọn pé.

Ẹ-Dìde fẹ́ràn òfin bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súgà. Ó pàṣẹ pé kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ máa gba ọwọ́ ọ̀tún lúwẹ̀ẹ́. Ó pàṣẹ pé kí omi dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọkọ̀ òun bá ń kọjá. Ìgbì kan kọtí ikún sí i, wọ́n rán ọlọ́pàá lọ mú un, ọlọ́pàá náà sì padà wá pẹ̀lú bàtà tútù àti àlàyé gígùn. Nínú ọ́fíìsì, òfin tó le jù ni ti àtẹ́wọ́: bí Ọ̀gá bá ti na apá méjèèjì sókè níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tó fi ọwọ́ kan gbá itan nítorí pé ó mú ife tíì dání, wọ́n kà á sí ọlọ̀tẹ̀. Láti ìgbà náà, bí apá Ọ̀gá bá ti lọ sókè, ife á lọ sílẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kò sì rí ìsinmi.

Ó tún fi òfin de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ni "ṣùgbọ́n." Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò mọ àgbà. Òṣìṣẹ́ tó bá ti fẹ́ sọ ọ́ á kàn wúkọ́ díẹ̀, á sì dákẹ́. Ẹni tó bá gba iwájú ọ́fíìsì náà kọjá láàárọ̀, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́, á rò pé ilé ìwòsàn ni.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ àṣà òkè náà fún yín, torí pé ẹ̀yin máa ń jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn á kọ́kọ́ ṣa òkúta kan létí adágún. Òkúta náà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣe wúwo lọ́kàn rẹ̀ tó ni yóò yan òkúta tó, kò sì sẹ́ni tó ń bá a yàn án. Tó bá dé òkè, Fadá arúgbó tó wà níbẹ̀ á bi í pé, "Kí lo gbé wá, ọmọ mi?" Á sọ ohun kan, á gbé òkúta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ọmọdé tó jí súgà ìyá rẹ̀ lá, òkúta bí ẹ̀wà ti tó o. Ẹni tó ṣépè fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó yẹ kó wá aṣọ tí yóò fi ṣe òṣùká. Gbogbo ayé ló mọ àṣà yìí, àfi ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀.

Ojú fèrèsé ni Ẹ-Dìde ti rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí àwọn èrò ṣe ń gòkè pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń rù yẹn?" ó bi akọ̀wé.

"Òkúta ni, Ọ̀gá."

"Mo rí i pé òkúta ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀gá, òkúta yẹn dúró fún..."

"Fún èèyàn!" Ẹ-Dìde já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu, torí pé ó kórìíra kí wọ́n sọ ohun tí kò mọ̀ fún un. "Ó hàn kedere. Bí èèyàn bá ṣe ṣe pàtàkì tó ni òkúta rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Ẹni tó wà lórí àga yìí ṣáájú mi ńkọ́? Báwo ni tirẹ̀ ṣe tó?"

"Kò ju ẹyin lọ, Ọ̀gá."

"Ẹyin!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Abájọ tí kò fi pẹ́ níbí."

Akọ̀wé wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Lọ lo oògùn," ni Ẹ-Dìde sọ fún un.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá gun òkè lọ́jọ́ ìrìn-àjò ọdọọdún. Obìnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì ní yóò tibẹ̀ yan ẹni tí yóò ṣe olórí gbogbo adágún orílẹ̀-èdè. Inú Ẹ-Dìde wú bí àkàrà inú epo. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó wí, "àwọn kan ń gbé ẹyin. Àwọn kan ń gbé ẹ̀wà. Èmi, tí adágún fúnra rẹ̀ ń dojú bolẹ̀ fún, èmi tí atẹ́gùn ń gba àṣẹ lẹ́nu mi kó tó fẹ́, kí ni mo máa gbé? Mo máa gbé èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé!"

Ó na apá sókè. Ife tíì bọ́ sílẹ̀, àtẹ́wọ́ ró.

Èbúté ni ó ti rí ohun tó ń wá. Àpáta kan wà níbẹ̀ tí Ìyá Ọlọ́kọ̀, obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kó èrò kọjá adágún, máa ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ga ju èèyàn lọ, ikùn rẹ̀ sì yọ síwájú. Ẹ-Dìde dúró tì í, ó wò ó, ó wo ikùn ara rẹ̀, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó pàṣẹ kí wọ́n tú ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà, kò gbọdọ̀ sí òkúta tí yóò gba ọ̀nà òkè kọjá títí tòun yóò fi dé òkè, kí ó má baà di pé ẹ̀wà ṣáájú Ọ̀gá. Wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà, wọ́n sì fi ọlọ́pàá oníbàtà tútù ṣọ́ ọ.

Ibí yìí ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi díẹ̀. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ní ìyá, arúgbó kan tí gbogbo èbúté ń pè ní Màmá Àgbà. Màmá Àgbà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jà lórí ìkòkò kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀. Ìkòkò lásán o, ó tilẹ̀ ti sán. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àbúrò sì kú báyẹn. Láti ìgbà náà ni arúgbó yìí ti ń wá òkúta tó bá ọ̀rọ̀ náà dọ́gba, ọdún yìí ló sì rí i. Dókítà ti sọ fún un pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà ń yọ̀, orúnkún rẹ̀ kò ní í gun òkè mọ́ láyé. Òjò sì ti ń ṣú.

Nítorí náà Ìyá Ọlọ́kọ̀ wẹ̀, ó múra, ó lọ bẹ Ẹ-Dìde. Wọ́n kọ́kọ́ ní kó kúnlẹ̀ kí àga Ọ̀gá, torí Ọ̀gá ń jẹun lọ́wọ́. Ó kí àga. Àga kò dáhùn. Nígbà tó yá, Ẹ-Dìde wọlé, ó ń nu ẹnu.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni obìnrin náà wí, "ìyá mi ni. Ara wọn ò le mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé òkúta wọn gòkè kí òjò tó dé. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Báwo ni òkúta ìyá rẹ ṣe tó?"

"Bí ìkúùkù mi yìí ni, sà."

Ẹ-Dìde mi orí tìkáàánútìkáàánú. "Bó ṣe dàgbà tó yẹn? Èèyàn wà láyé títí ó hu ewú, ìkúùkù péré ló ní láti fi hàn! Kò ṣàṣeyọrí kankan ni? Sọ fún un pé kó má gbé e lọ síwájú èèyàn, ẹ̀tẹ́ ni. Wo tèmi létí omi. Láti kékeré ni mo ti ń kó tèmi jọ."

Ìyá Ọlọ́kọ̀ gbójú sókè, ó wò ó dáadáa. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó kọ́kọ́ rò ó pé kí òun fọn fèrè náà fún un, ó wá wo àga tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí, ó sì fi fèrè sápò.

"Òótọ́ lẹ sọ, sà," ó wí. "Tiyín ò láfiwé."

Ó fi ìborùn bo ẹnu jáde. Kí ó tó kó èrò kọjá adágún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú ti gbọ́.

Ẹnì kan ṣì gbìyànjú láti gbà á là, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. Níbi oúnjẹ àárọ̀, obìnrin náà sọ pé, "Ọkọ mi, òkúta tí ẹ yàn yẹn ti tóbi jù."

"O rò pé mi ò tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ẹ tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sọ fún èmi tí mò ń bá yín gbélé? Kí gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n ni mi ò fẹ́."

"Gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n!" Ẹ-Dìde kígbe, ó sì na apá sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé pẹ̀lú òkúta kan tó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú un. Àwọn òṣìṣẹ́ ti so okùn mọ́ àpáta náà, wọ́n to igi roboto sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fà á, wọ́n ń làágùn, ojú wọn ti pọ́n. Ẹ-Dìde ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni tó ń da màlúù. Ó ti ní kí àwọn ayàwòrán má ya ẹnikẹ́ni tó bá di okùn mú.

Èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Ẹnu ya wọn lóòótọ́.

"Háà! Gbogbo èyí?"

"Èèyàn kan ṣoṣo?"

Baba arúgbó kan ṣí fìlà. "Mo ti dàgbà lórí òkè yìí," ó wí, "mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ẹ-Dìde juwọ́ sí i.

Mínísítà wo àpáta, ó wo ọkùnrin. "Alákòóso," ó wí, "gbogbo èyí, tiyín nìkan ni?"

"Tèmi nìkan ni, Ọlọ́lá Jù Lọ! Mi ò bá ẹnikẹ́ni pín in. Àwọn tó ṣáájú mi gbìyànjú, apá wọn ò ká a."

"Ẹ ò sì fi pamọ́?"

"Kí n fi pamọ́ kẹ̀? Bàbá mi ló kọ́ mi, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi!"

"Ìyàwó yín mọ̀ sí i?"

"Òun ló ń dúró tì mí!" Lẹ́yìn wọn, ìyàwó rẹ̀ fi gèlè bojú.

Mínísítà mí kanlẹ̀. "Bí a bá wá fi yín sórí gbogbo adágún ilẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ ó rí i nígbà náà," ni Ẹ-Dìde wí, omi ayọ̀ sì lé ròrò sí i lójú, "pé èyí tí mo ṣe níbí, eré ọmọdé ni."

Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ga jù, níbi tó ti yí kọ́rọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì yọ lókè, adágún tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, Ẹ-Dìde kò sì lè rí irú ibẹ̀ yẹn kó má sọ̀rọ̀. Ó dá ìrìn dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ di okùn mú, iṣan ọrùn wọn le.

"Ẹ̀yin òkè, ẹ gbọ́! Ìwọ omi, tẹ́tí! Lónìí ni ẹ rí ọkùnrin tí òkúta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o tán!"

Ó na apá méjèèjì sókè.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi. Ẹni tó ti kọ́ èèyàn láti máa ju ife sílẹ̀, kò yẹ kó retí pé yóò di okùn mú. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àtẹ́wọ́ tó dùn jù tí wọ́n pa fún un láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́ nìyẹn.

Àpáta náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ro nǹkan. Ó wá yí padà, ó ń lọ sílé. Èrò bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fọ́ igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà, ó gba inú pátákó oyè kọjá láàárín "Adágún" àti "Atẹ́gùn," ó wọ ọ́fíìsì láìkan ilẹ̀kùn, ó gun orí àga Ọ̀gá, ó sì kọlu ògiri ẹ̀yìn, àpáta náà fọ́ yángá. Kò sẹ́ni tó fara pa, torí gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wá fún àtẹ́wọ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló wà nítòsí, wọ́n sì gba ọwọ́ òsì sá lọ.

Fadá arúgbó ti gbọ́ ariwo, ó ń fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Òkúta mi!" ni Ẹ-Dìde kígbe.

"Alákòóso," ni Mínísítà wí, "ṣé ẹ mọ ohun tí òkúta yẹn jẹ́?"

"Títóbi mi ni!"

"Ṣùgbọ́n, Ọ̀gá," ni akọ̀wé wí.

Gbogbo òṣìṣẹ́ yí ojú sí i. Ẹnì kan wúkọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè pé kò sídìí fún un.

"Ṣùgbọ́n, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó bá gun òkè yìí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Mo ti ń fẹ́ sọ fún yín láti ọjọ́ tí mo ti ń wúkọ́."

Ẹ-Dìde wo àwọn èrò, ó wo òkúta kéékèèké ọwọ́ wọn. "Èmi kọ́ ni mo gbé e o," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Wọ́n bá mi fà á ni. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti akọ̀wé!"

Akọ̀wé ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú òkúta kan jáde. "Tèmi rèé, Ọ̀gá. Àtẹ́wọ́ tí mo pa fún yín ni."

Ẹ̀rín bú jáde látòkè délẹ̀. Mínísítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Alákòóso, gbogbo ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ fún mi lójú ọ̀nà, mo gbà á gbọ́. Láti òní lọ, ẹ máa sinmi nílé." Ó ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún gbogbo èrò, ó sì ń gòkè lọ pẹ̀lú òkúta tirẹ̀.

Ẹ-Dìde fẹ́ yọ́ lọ. Fadá fi ọ̀pá dá a dúró. "Ibo lò ń lọ, ọmọ mi? Òkúta tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, tirẹ̀ náà ṣì ni. Bó bá fọ́, á kó o gòkè ní wẹ́wẹ́, á sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́." Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà wí, pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ mú àfọ́kù àpáta náà kan nínú ohun tó ṣẹ́ kù lára ọ́fíìsì rẹ̀, èyí tó kéré jù tó rí. Bó ṣe ń gòkè padà, ó bá Màmá Àgbà ní ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́. Òkúta arúgbó náà wà nínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ kan mú, orúnkún rẹ̀ sì ń gbọ̀n, kò lè ṣísẹ̀ mọ́. Òjò ti ń kán. Kò sí akọ̀wé níbẹ̀ tí yóò sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Ẹ-Dìde dúró, ó wo ojú ọ̀run, ó wo arúgbó, ó sì tẹ èjìká sílẹ̀ fún un.

"Ẹ dì mí mú, Mà."

Wọ́n dé òkè díẹ̀díẹ̀. Fadá bi arúgbó léèrè, "Kí lo gbé wá, ọmọ mi?"

"Àbúrò mi ni," ni Màmá Àgbà wí. "Mo bá a jà nítorí ìkòkò. Mi ò bẹ̀ ẹ́ títí ó fi kú." Ó gbé òkúta náà kalẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbé wá?"

Ẹ-Dìde gún èjìká. "Fadá, níwájú ìwọ̀nyí tó péjọ, ní ọjọ́ mánigbàgbé yìí, èmi tí mo jẹ́..."

"Òkúta yẹn kéré sí ọ̀rọ̀ rẹ," ni Fadá wí.

Ẹ-Dìde wo àfọ́kù ọwọ́ rẹ̀. "Mo ti ọ̀nà mọ́ Màmá yìí," ó wí.

"Gbé e kalẹ̀."

Ó gbé e kalẹ̀. Ó wá bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí òkìtì tó kún inú ọ́fíìsì rẹ̀ dé òrùlé, orí rẹ̀ sì fò lọ. "Fadá," ó bẹ̀bẹ̀, "ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ò lè bá mi kó ìyókù?"

Màmá Àgbà ló dá a lóhùn, ó ti jókòó ti ògiri, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. "Wọ́n lè bá ẹ kó o, ọmọ mi. Ta ló máa bá ẹ rántí ohun tí wọ́n jẹ́?"

Ẹ-Dìde ká agbádá sí èjìká, ó bọ́ sínú òjò, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Kó tó dé ibi kọ́rọ́ ọ̀nà, ó ti rántí méjì.